Àlàájà, ẹ má tíì jẹ́ kó sanwó oúnjẹ yẹn

Ìbéèrè: "Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ìwọ lo ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston ti gba ìwé ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún èmi àti bàbá rẹ̀, ọjọ́ méje, láti Galveston lọ sí Mẹ́síkò àti Honduras, láti fi bá wa yọ ayọ̀ ogójì ọdún ìgbéyàwó. Òun, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì ni a jọ ń lọ. Ó ní oúnjẹ ti wà nínú owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ta oúnjẹ àwọn ẹni pàtàkì lọ́tọ̀, òun sì fẹ́ ra ti ọjọ́ méjèèje fún àwa méjì. Mo ní kó dúró ná. A kì í mu ọtí, a kì í sì í jẹ ẹran tí a kò mọ bí wọ́n ṣe pa á. Ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn ń náwó lé, àbí ìfowóṣòfò ni?" Ìyá kan ní Adéwọlé, Ìlọrin.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá mi. Ẹ kú oríire ogójì ọdún. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ tún fi ọ̀pọ̀ ọdún lé e pẹ̀lú àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró, kí ó má dà bíi pé mò ń yí ọ̀rọ̀ po fún àgbà. Kí ọmọ yín má ra ti ọjọ́ méjèèje. Bó bá wù ú kó náwó dandan, kó ra alẹ́ kan, alẹ́ kan péré, fún ẹ̀yin méjèèjì. Ìdí rẹ̀ ló gùn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé àwo lórí omi. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn ńlá ni mo wà, níbi tí gbogbo èrò ti ń jẹun láìfi kọ́bọ̀ lé owó ọkọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sí ilé oúnjẹ olówó, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹran màlúù tó nípọn bíi bíríkì. Lónìí, oúnjẹ ni mo ṣì ń tà, ní Tanke, àwọn ọmọ yunifásítì ló sì ń jẹ mí lówó. Mo mọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn méjèèjì dáadáa.

Ohun tí wọn kì í ṣàlàyé fún ẹni tó ń wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni pé ebi ò lè rí i gbé ṣe níbẹ̀. Owó tí ọmọ yín ti san ti kó oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ mọ́ra. Nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn, aṣọ funfun ló bo tábìlì, wéítà á gbé mẹ́nù wá bá yín lórí àga, ẹ ó fi nǹkan díẹ̀ ṣí ọ̀fun, ẹ ó jẹ oúnjẹ gan-an, ẹ ó sì fi nǹkan dídùn panu. Bùfẹ́ wà ní dẹ́ẹ̀kì òkè: ẹ mú àwo, ẹ bu ohun tó wù yín, ẹ padà lọ tún un bù. Àwọn ìsọ̀ kéékèèké tún wà káàkiri, ti písà, ti kéèkì, tí wọn kì í gbowó. Bí nǹkan ìṣíọ̀fun méjì bá wù yín ní gbọ̀ngàn, ẹ pè é ní méjì, kò sẹ́ni tó máa wò yín lójú. (Oúnjẹ gan-an ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń díye lé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, bí èèyàn bá fẹ́ jẹ àwo kẹta.) Àwọn àgbà ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Lórí ọkọ̀ yẹn, ebi ti bá tirẹ̀ lọ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn.

Nítorí náà, àga ni wọ́n ń tà fún yín, àti ìdákẹ́jẹ́, àti kí wọ́n gbé nǹkan yín kaná nígbà tí ẹ bá béèrè fún un. Ẹ ti lọ síbi ìnáwó ìyàwó ní Ìlọrin láìmọye ìgbà. Oúnjẹ abẹ́ kánópì wà, oúnjẹ inú yàrá tí wọ́n gbé fún àwọn àfáà náà sì wà. Nígbà mìíràn ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bù ú. Ẹni tó wà nínú yàrá kàn rí fáànù, ó rí omi tútù, ẹnikẹ́ni ò sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ti ọkọ̀, ká má parọ́, ìkòkò kọ́ ló jọra. Ọkọ̀ Icon of the Seas tí Royal Caribbean gbé jáde lọ́dún 2024 lè kó èrò 7,600 bí gbogbo bẹ́ẹ̀dì bá kún, láìka àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,300. Ẹ fojú inú wo ìlú kan lọ́nà Òrò sí Òmù-Àrán tí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ fẹ́ jẹ oúnjẹ alẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rin. Ilé ìdáná gbọ̀ngàn kò lè dúró dìgbà tí ẹ bá tó sọ tẹnu yín. Láti inú ohun tí àwọn èrò ìṣáájú ti jẹ ni wọ́n ti mọ iye àwo ẹja tó máa lọ lálẹ́ òní. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n ń sè é, wọ́n á tò ó sínú àpótí tí kò ní jẹ́ kó tutù. Oúnjẹ ìnáwó ni, tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n sè sè. Ní ilé oúnjẹ olówó, àga ò pọ̀, ìgbà tí ẹ bá pè é ni iná ń ràn sí i, wéítà kan kì í sì í ní ju tábìlì mélòó kan lọ. Nígbà tí mo wà ní gbọ̀ngàn, ẹnu èèyàn mẹ́rìnlélógún ló máa ń retí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín ni mò ń rín, ṣùgbọ́n orúnkún mi mọ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn jù ni ara ẹran màlúù yíyan. Ẹ̀fọ́ kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹja yàtọ̀ díẹ̀. Ẹran gan-an ni owó yẹn ń bá lọ, ẹran ọ̀hún lẹ sì ti ní ẹ ò ní jẹ. Bó bá jẹ́ pé orí èyí nìkan ni mo dúró, ìdáhùn mi ì bá ti parí.

Àṣà yìí kì í ṣe tòní o. Ọkọ̀ àwọn ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Amerika gbé ilé oúnjẹ olówó tí wọ́n fi orúkọ Ritz pè sórí òkun lọ́dún 1905. Nígbà tí Titanic fi máa gbéra lọ́dún 1912, òun náà ti ní tirẹ̀, fún àwọn èrò kíláàsì kìn-ín-ní. Ẹ wá gbọ́ ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: lórí Titanic, ẹni tó bá ní ibẹ̀ lòun á ti máa jẹ ní gbogbo ọ̀nà, wọ́n ń yọ díẹ̀ fún un nínú owó ọkọ̀, torí kò ní bá wọn jẹ ti gbọ̀ngàn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n ò rí ilé iṣẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lóde òní, ẹ ó san ti gbọ̀ngàn tí ẹ kò jẹ, ẹ ó sì tún san ti èkejì lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá mú bírò. Iye owó ń yí láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, kódà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí náà mo máa lo iye tó rọrùn láti ṣírò, ẹ ó wá fi ti ọkọ̀ yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní alẹ́ kan ní ilé oúnjẹ olówó jẹ́ dọ́là 50 fún ẹnì kan, tí pákéèjì ọjọ́ méje sì jẹ́ dọ́là 250. Lójú lásán, ẹ̀dínwó ni: alẹ́ méje ní 50-50 jẹ́ 350, ẹ ti fi 100 ṣe èrè. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì fi owó ìmọrírì òṣìṣẹ́ lé e. Ìdá 18 nínú 100 ni ọ̀pọ̀ ń gbà, àwọn mìíràn ń gba 20. Bó bá jẹ́ 18, 250 yẹn ti di 295. Fún ẹ̀yin méjì, 590. Alẹ́ ẹyọ kan tó jẹ́ 50 di 59. Fún ẹ̀yin méjì, 118. Ẹ fi 118 pín 590, márùn-ún gééré ni. Ìyẹn ni pé alẹ́ márùn-ún lẹ gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ kí owó tó padà sílé, alẹ́ kẹfà ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jèrè. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta dọ́là lọ́jà lónìí sọ 590 yẹn di náírà, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ẹ ó jẹ é lálẹ́ mẹ́fà.

Àwọn tó ń tà á á ní ọ̀sán náà wà ńbẹ̀. Òótọ́ ni, nínú pákéèjì ọlọ́pọ̀ ọjọ́ ti àwọn ọkọ̀ kan, ní àwọn ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá dúró níbì kankan. Irú ìrìn àjò tiyín láti Galveston, ọjọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́ òkun gbalasa, ọjọ́ mẹ́ta ní èbúté bíi Cozumel àti Roatán. Ẹ lè jẹ ọ̀sán mẹ́ta lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ oúnjẹ ńlá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tó tún fẹ́ jẹ oúnjẹ wákàtí méjì lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ bá mi wá ikùn tó ń gbé e sí. Mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tó ṣe é. Àwọn náà ò ṣe é ju ọjọ́ méjì lọ.

Kí n tún jẹ́wọ́ kan fún yín. Ní ọjọ́ tí èrò bá ń wọ ọkọ̀, wọ́n máa ń tò wá sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́, kí a máa ta pákéèjì yìí. Wọ́n ń ka iye tí oníkálukú tà. Bí mo bá rí tọkọtaya àgbà tó múra dáadáa, tí ojú wọn sì ń wò káàkiri, inú mi á dùn. "Màmá, ibo lẹ fẹ́ jẹun lálẹ́ òní? Gbọ̀ngàn máa ń kún o!" Gbọ̀ngàn kì í kún. Wọ́n ti fún oníkálukú ní tábìlì. Ó ń dùn mí títí dòní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé gígùn sí yín. Bí wọ́n bá dá yín dúró bẹ́ẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sọ pé ọmọ yín ló ń sanwó, ẹ máa lọ.

Nǹkan mìíràn tó jọ ẹ̀bùn tí kì í ṣe ẹ̀bùn ni àpapọ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Norwegian máa ń di alẹ́ oúnjẹ olówó pọ̀ mọ́ ọtí àti íntánẹ́ẹ̀tì nínú ẹrù kan. Ilé iṣẹ́ Princess náà ní tirẹ̀. Nínú ẹrù bẹ́ẹ̀, ọtí ló ń gbé owó rẹ̀ ga. Ẹ̀yin tí ọtí ò kàn yín, ẹ ó kàn máa bá àwọn ọ̀mùtí dáwó ni. Kí ọmọ yín béèrè iye oúnjẹ nìkan ní òun nìkan.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ hàláàlì, tó jẹ́ pé òun gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbéra ní Amẹ́ríkà kò ní ilé ìdáná hàláàlì. Ẹran tí wọ́n ń lò, kì í ṣe mùsùlùmí ló dúńbú ẹ̀. Wọ́n lè bá yín wá oúnjẹ hàláàlì bí ẹ bá kọ̀wé sí wọn ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ku ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú ni kí ọmọ yín fi ìwé ránṣẹ́, kó sì tẹ èsì wọn jáde kí ẹ mú un dání. Ọkọ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ kó tó gbéra. Ohun tí kò bá wọlé ní èbúté, kò sí Ọjà-Ọba lójú òkun tí a ti máa lọ rà á.

Ohun tí èèyàn kì í rò ni pé yàtọ̀ sí ẹran, ọtí wà nínú ọbẹ̀. Ní ilé oúnjẹ ará Faransé àti ti Ítálì, wáìnì ni wọ́n fi ń ja ọbẹ̀ nínú páànù. Àwọn ará Japan ń lo mirin, ọtí ìrẹsì dídùn ni òun náà, nínú nǹkan tí ẹ ó rò pé ẹja lásán ni. Nǹkan dídùn ìparí oúnjẹ, bíi tiramisù, wọ́n sábà máa ń bu ọtí sí i. Ìṣòro mìíràn tún wà ní ilé oúnjẹ Japan tí wọ́n ti máa ń ṣeré síse lójú yín, tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn nítorí iná tó ń bú gbàù: irin pẹrẹsẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń se ti gbogbo tábìlì lé lórí. Edé yín á wà lápá ọ̀tún, ẹran ẹlòmíràn lápá òsì, òróró á pàdé láàárín. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ-ọmọ yín á fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí bàbá wọn mú wọn lọ, kí ẹ̀yin lọ kírun.

Bàbá kan, Àlàájì láti ìlú òkè ọya, jókòó sí abẹ́ mi rí nílé oúnjẹ olówó yẹn. Ọmọ rẹ̀ ló ra pákéèjì fún un. Alẹ́ kìn-ín-ní, ó wo mẹ́nù títí, ó ní kí n gbé ẹja sámọ́ọ̀nù wá. Alẹ́ kejì, sámọ́ọ̀nù. Ní alẹ́ kẹta, kó tó jókòó ni mo ti mọ̀. Mo bi í bóyá kí n bá a wá nǹkan mìíràn, ó ní, "Ọmọ mi, nínú gbogbo ìwé yìí, òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀." Ẹja kan náà, tí wọ́n ń sè ní gbọ̀ngàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo alẹ́ tí Ọlọ́hun dá.

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé, ní ilé oúnjẹ olówó, bí ẹ bá lọ síbi ẹran yíyan lónìí, ti Ítálì lọ́la, ti ẹja lọ́tùn-ún-la, wéítà tuntun lẹ ń bá pàdé. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: "A kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má fi wáìnì sí i, ẹ má lo páànù kan náà." Ní gbọ̀ngàn, bí ọmọ yín bá yan tábìlì olákòókò kan, tábìlì kan náà ni, wéítà kan náà ni, alẹ́ méjèèje. Lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ pe ọ̀gá wọn, ẹ ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ kejì lọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun tán, á gbé mẹ́nù ọ̀la wá bá yín, ẹ ó yàn, á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì sè é lọ́tọ̀ lọ́la. Iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọdún mẹ́rin nìyẹn. Nígbà tó bá fi máa di alẹ́ kẹta, mo ti mọ ẹni tí kì í fẹ́ yìnyín nínú omi, mo ti mọ ẹni tó ń béèrè ata. Ohun tí ọmọ yín fẹ́ fi owó rà, pé kí wọ́n mọ̀ yín, kí wọ́n kà yín sí, ibi tí wọn kì í gbowó ló wà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ àwọn wéítà orí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ará Indonesia ni wọ́n, mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ kí wọn ní sàlámù. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló wà nínú nǹkan yìí, wọ́n á sọ òótọ́ fún yín, torí àwọn náà ti bi ara wọn. Àwọn onísè tó jẹ́ ará Íńdíà náà wà; àwọn ló máa ń gbà mí nígbà tí ẹnu mi bá kú. Bí ẹ bá ní kí wéítà bá yín bẹ̀ wọ́n fún ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ eléròjà tó ta, wọ́n lè ṣe é, inú wọn á sì dùn pé ẹnìkan rántí ata. Kì í ṣe gbẹ̀gìrì, n ò purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ó fi ọwọ́ nu ẹnu.

Ọ̀rọ̀ tábìlì náà wà, Àlàájà. Ọmọ yín ní kí ẹ̀yin méjì máa lọ jẹun ẹni pàtàkì, kí òun, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ máa jẹ ní gbọ̀ngàn. Alẹ́ méje. Ẹ ó gba òkun kọjá láti wá rí àwọn ọmọ yìí, ẹ ó wá máa jókòó lókè, kí wọ́n máa jókòó nísàlẹ̀? Láàárọ̀, wọ́n á ti sáré lọ síbi omi. Lọ́sàn-án, oorun á gbé Àlàájì ọkọ yín lọ. Oúnjẹ alẹ́ nìkan ni gbogbo yín máa fi ojú kan ara yín pọ̀. Bí wọ́n bá ra pákéèjì fún gbogbo ilé, àwọn ọmọdé kì í san tó àgbà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé tí mo mọ̀ kì í fẹ́ jókòó wákàtí méjì nítorí ẹja kan. Písà ni wọ́n ń béèrè.

Nítorí náà, alẹ́ kan. Èwo? Ẹ má yan alẹ́ tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn múra gidi, torí lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, alẹ́ yẹn ni gbọ̀ngàn máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ tó dára jù jáde. Edé òkun ńlá tí àwọn òyìnbó ń pè ní lobster, tó ń náwó gan-an nílé oúnjẹ olówó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lálẹ́ kan báyìí. Kí ẹ̀yin méjì wọ aṣọ òkè yín, kí gbogbo ẹbí jókòó pọ̀, kí wọ́n ya fọ́tò. Alẹ́ àdáṣe yín, ẹ fi sí ọjọ́ tó tẹ̀lé èbúté, tí ara ti balẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, nígbà tí àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí máa ń ṣófo, tí wọ́n tún máa ń ṣe ẹ̀dínwó. Bí ọkọ̀ bá ní ilé ẹja, ibẹ̀ ni. Bí kò bá sí, ti Ítálì, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú nípa wáìnì àti páànù. Kí ọmọ yín gba ààyè ní aago mẹ́fà tàbí aago mẹ́jọ, kó fi wo ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ kí Màgàríbì má bàa bá yín lórí àga.

Kó rà á láti ilé, kó má dúró dé orí ọkọ̀, àfi bó bá jẹ́ ẹ̀dínwó ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ló ń wá. Owó tí wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú sábà máa ń kéré sí ti orí ọkọ̀, a sì máa ń lè fagi lé e kí ọkọ̀ tó gbéra kí owó padà. Kó kà á dáadáa: omi aláfẹ́fẹ́ àti ohun mímu kì í sí nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn oúnjẹ kan nínú mẹ́nù olówó yẹn náà sì tún máa ń ní owó tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ rí i pé owó ń bímọ níbẹ̀.

Kí n má ṣe bí ẹni pé gbogbo ẹni tó rà á ni wọ́n rẹ́ jẹ. Bó bá jẹ́ tọkọtaya méjì péré ni, láìsí ọmọ, tí ẹran kò ní ìṣòro lọ́dọ̀ wọn, tí ọkọ̀ wọn ní ilé oúnjẹ olówó tó pọ̀, tí ọjọ́ òkun gbalasa náà sì pọ̀ nínú ìrìn àjò wọn, máa ní kí wọ́n rà á, kí wọ́n má tijú. Ẹni tó kórìíra ariwo náà, kó rà á. Ọ̀nà kẹta tún wà tí ọmọ yín lè gbọ́ nípa rẹ̀, pé yàrá ló ń mú oúnjẹ wá. Lórí ọkọ̀ Queen Mary 2 ti ilé iṣẹ́ Cunard, tó ń rìn láti ọdún 2004, yàrá tí o gbà ló ń sọ ibi tí wàá ti jẹun: àwọn ilé oúnjẹ Grill fún àwọn yàrá ńláńlá, Britannia fún àwọn tó kù. Ilé iṣẹ́ Celebrity náà ní ilé oúnjẹ Blu fún àwọn tó bá gba irú yàrá tí wọ́n ń pè ní AquaClass. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá yẹn nítorí yàrá, oúnjẹ di ẹ̀ẹ̀kún. Ẹni tó bá gbà á nítorí oúnjẹ nìkan, bí ẹni ra ẹṣin nítorí ìrù ni.

Tí ẹ bá sì gbádùn òkun yìí, tó tún wù yín lọ́jọ́ mìíràn, ẹ rántí Aroya. Ọkọ̀ àwọn ará Saudi ni, Jeddah ló ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Kò sí ọtí lórí rẹ̀, hàláàlì sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó ṣe ùmírà tán lè gbà á lọ. Lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bi mí ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn mi á yàtọ̀, torí gbogbo ojú ewé mẹ́nù ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

Ohun kan kù tí ẹ kò bi mí. Ẹ wo físà yín kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n san owó oúnjẹ kankan. Ọkọ̀ yẹn á jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, á tún padà wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ. Físà tó ń gba wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè sọ yín sínú wàhálà lẹ́nu ibodè. Ọmọ yín lè ti mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà bi í léèrè, lónìí.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó jókòó, ẹ bi wéítà yín ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì pè é bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ará Indonesia, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹnìkan ní Tanke kí i.